Orúkọ, Àdàpè àti Èébú: Ọ̀rọ̀ nípa Ìpèníjà Ara ní Ẹnu Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní ìlò èdè. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí a jáwọ́ nínú lílo àwọn ọ̀rọ̀ bí arọ, afọ́jú, odi, wèrè àti dìndìnrìn? Àwọn kan yóò dáhùn kíákíá pé ó yẹ, wọn yóò sì tọ́ka sí òfin. Lóòótọ́, òfin wà. Nàìjíríà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara ní 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí dídẹ́yẹ sí ẹni tí ó ní ìpèníjà ara, èyí tí a ń pè ní òfin ọdún 2018, gba ìbuwọ́lù Ààrẹ Muhammadu Buhari ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019. Àwọn mìíràn yóò dáhùn pé kò yẹ rárá. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, inú òwe ni wọ́n wà, bí a bá sì yọ wọ́n kúrò, kí ni yóò ṣẹ́ kù nínú èdè?

Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Lójú tiwa, òkè ni ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ń wò. (Ẹ kíyè sí i pé òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ gan-an dárúkọ amúkùn-ún. A mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni, a ó sì padà sórí rẹ̀.) Ohun tí a fẹ́ sọ nínú bébà yìí ni pé èébú tí a fà yọ láti ara ìpèníjà ń dun ẹni tí a sọ ọ́ sí, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú, ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, ó tún ń ṣe ohun kan tí ó burú ju dídùn lọ: kì í jẹ́ kí olùkọ́ mọ ohun tí ń ṣe ọmọ. A fẹ́ẹ́ kọ ọ́ pé ó ń fọ́ olùkọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ rí bí ẹnu ṣe yá sí irú àfiwé bẹ́ẹ̀ tó.

Ohun tí gírámà ń ṣe sí ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ti mọ̀, ìyẹn ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí àpólà-ìṣe láti fún wa ní orúkọ olùṣe. A so ó mọ́ pẹja, ó di apẹja. A so ó mọ́ kọrin, ó di akọrin. A so ó mọ́ dájọ́, ó di adájọ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni a gbà ṣẹ̀dá afọ́jú láti ara fọ́jú, adití láti ara dití, akólòlò láti ara kólòlò, àti arọ láti ara rọ. Ìlànà kan ni, kò sì sí ìwé gírámà tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ara wọn.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ rí. Apẹja ni ó yan ẹja pípa. Ó lè fi àwọ̀n sílẹ̀ lọ́la kí ó di àgbẹ̀. Adájọ́ a máa fẹ̀yìn tì. Ta ni ó yan ìfọ́jú? Gírámà kò bèèrè. Ó mú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, ó fi í sí ipò iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, ó sì sọ ọ́ di orúkọ rẹ̀ lódindi.

Ẹ wá wo gbólóhùn. Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ara nínú gbólóhùn, ẹ̀yà ara tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó sábà máa ń ṣe olùwà: Orí ń fọ́ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ojú rẹ̀ fọ́. Etí rẹ̀ di. Nínú irú gbólóhùn báyìí, ọ̀ràn náà wà ní ibi tí ó wà, kò kọjá ibẹ̀. Etí ni ó di. Ẹni tí ó ni etí náà ṣì dá dúró, ó ní ọwọ́, ó ní ọgbọ́n, ó ní ìyá, ó lè ní gbèsè pàápàá. Ṣùgbọ́n bí a bá ní Adití ni, etí ti gbé ènìyàn mì. Nítorí náà, àwọn tí ó ń sọ pé àṣà òkèèrè ni kí a máa fi ènìyàn ṣáájú ìpèníjà rẹ̀ kò tíì fetí sí gbólóhùn tí ó ń jáde ní ẹnu ìyá wọn lójoojúmọ́. Gbólóhùn Yorùbá ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a pa afọ́jú àti adití rẹ́ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Orúkọ tí ó sọ bí nǹkan ṣe rí ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ẹni tí ojú wọn kò ríran ni wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ láìtijú, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá wọn dà á pè. Ìbéèrè tí ó kù ni pé ìgbà wo ni orúkọ náà pọn dandan? Bí ọ̀rọ̀ kò bá ti kan ojú, kí ni ojú ń wá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni méjì tí gbogbo ìlú mọ̀. Láti ìgbà tí ìjàmbá ọkọ̀ ti gba agbára ẹsẹ̀ lọ́wọ́ olórin Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní 1997 ni ó ti ń lo kẹ̀kẹ́ tí Yorùbá ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ara kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń pe ọkùnrin náà ní arọ? Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ti Benjamin Aderounmu, tí ó kọrin kiri ìgboro Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ó sì kú ní 2009, Kokoro ni orúkọ tí ó fi di ìlú-mọ̀ọ́ká, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dárúkọ náà láìfi ìfọ́jú rẹ̀ kún un, bí ẹni pé ojú ni ó fi ń kọrin. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kò sí nínú ìpèníjà wọn. Ó wà nínú ipò tí a rò pé wọ́n wà láwùjọ. Ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ tí a sì bọ̀wọ̀ fún kì í jẹ́ arọ ní ẹnu wa. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀bá afárá tí ó ń ṣagbe, tí kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ rẹ̀ rí, òun ni arọ. Olùkọ́ kò sì ní àwáwí kankan níbí, nítorí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì wà lórí tábìlì rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ní orúkọ.

Etíkunkun, aláìgbọ́ràn àti olódo

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù nìyí. Yorùbá so etí mọ́ ìwà. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀, yíyé ọ̀rọ̀ àti ṣíṣe ohun tí a sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, gbọ́, ni ó wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ní ọmọ gbọ́ agogo, a ní ó gbọ́ Yorùbá, a tún ní ó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò ṣe ohun tí a sọ, aláìgbọ́ràn ni. Agídí rẹ̀, etíkunkun ni. Bí a bá gbà á nímọ̀ràn tí kò gbà, a ní ó kọ etí ikún sí i. Bí inú bá sì bí wa, a ó bi í pé, Ṣé etí rẹ di ni?

Gẹ́gẹ́ bí ìlò èdè, ohun tí ó rẹwà ni. Nínú kíláàsì, ó lè di ìdẹkùn. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ kan kalẹ̀ ní ọkàn wa, ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún láti kékeré. Etí tí ń ṣọyún tí a kò tọ́jú wà lára ohun tí ó ń mú kí etí ọmọdé má gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ọmọ yìí jókòó sẹ́yìn. Òrùlé páànù ń dún, kíláàsì kejì ń ka ìṣirò ní ohùn rara. Olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Olùkọ́ bínú, ó ní, "Adití! Etíkunkun!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí yóò ti kọ́ bí a ṣe ń díbọ́n. Yóò máa wo ẹnu ẹni tí ó jókòó tì í. Bí àwọn yòókù bá dìde, yóò dìde. Bí wọ́n bá kọ nǹkan sínú ìwé, yóò jí i wò. Nígbà tí ìdánwò bá dé tí a yà wọ́n síra, òdo ni yóò gbà, yóò sì di olódo. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ sọ, adití, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́, àmọ́ nítorí pé bí èébú ni ó ṣe sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ó sọ. Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn ni ó lò, tí ó ní, "Ó jọ pé etí ọmọ yìí kò gbọ́rọ̀ dáadáa," yóò ti ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀, òbí yóò sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èébú ti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò rí pátákó ìkọ̀wé dáadáa tí a ń pè ní ọ̀dẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àga iwájú àti awò ojú ni ó nílò. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí wárápá ń ṣe. Wárápá kì í ràn. Itọ́ ẹni tí ó ń ṣe kò lè kó o ran ẹlòmíràn. Ọpọlọ ni ọ̀ràn náà ti ń wá, oògùn sì wà tí ó ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá ti jẹ́ ohun tí à ń fi ṣépè, ìyá ọmọ kò ní sọ fún olùkọ́ pé ó ń ṣe é, olùkọ́ kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ tí ọmọ bá ṣubú lulẹ̀ ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ akólòlò yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn àgbà ti bá wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. A sábà máa ń kọ́ òwe yìí gẹ́gẹ́ bí òwe ìforítì. Ẹ tún un kà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kò sọ pé kí a bá a pè é. Kò sọ pé kí a parí ọ̀rọ̀ fún un, tàbí kí a ní kí ó jókòó kí ẹlòmíràn dáhùn. Ó ní yóò pè é, bí ẹni tí ń gbọ́ bá ní sùúrù. Ìlànà ìkọ́ni gidi nìyẹn, ó sì dára ju púpọ̀ nínú èyí tí a ń há sórí fún ìdánwò lọ.

Ní ti àìsàn ọpọlọ, ọ̀rọ̀ èébú ti kọjá ara ènìyàn, ó ti mú orúkọ ìlú. Ní 1907 ni a dá ilé àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Yábàá. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, níbi tí Thomas Adéoyè Lámbò ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, bẹ̀rẹ̀ ní 1954, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé gbogbo àgbáyé. Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń lo orúkọ méjèèjì ní ìgboro. "Yábàá Lẹ́ẹ̀fù ni ibi tirẹ." "Ẹ gbé e lọ sí Aro." Ibi tí a ti ń woni sàn ti di ibi tí à ń fi búni. Òfin pàápàá kò yára ju ẹnu ìgboro lọ: òfin ọdún 1958, tí ó ń pe ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá ní orúkọ tí kò yàtọ̀ sí wèrè, ni a ń lò ní orílẹ̀-èdè yìí títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan bá wà nínú ọgbà wa tí kò rí oorun sùn fún oṣù méjì, tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ó lè jẹun, ṣé a rò pé yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ lọ rí dókítà ní Aro?

Òwe ńkọ́?

Àwọn tí ó ń ṣọ̀fọ̀ òwe kí òwe tó kú, ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn. A kò fara mọ́ pé kí a yọ òwe kankan kúrò nínú ìwé kíkà. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí olùkọ́ kà wọ́n dáadáa kí ó tó kọ́ni, nítorí gbogbo wọn kò rí bákan náà.

Amúkùn-ún tí a fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Nínú òwe náà, òun nìkan ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó ní ẹsẹ̀ méjì pípé ni wọ́n ń wo òkè, òun ni ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wá ìdí ọ̀ràn. Yẹ̀yẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí àwọn tí ń wòran ni ó bà lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe tí ó ní ìyá odi ni ó ń gbọ́ èdè odi. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: èdè odi. Àwọn àgbà ti gbà pé èdè ni, kí ẹnikẹ́ni tó wá fi hàn wá pé ọwọ́ lè sọ̀rọ̀. Ní 1960, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tí etí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́rọ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn ọmọ tí etí wọn di, èdè ìfọwọ́sọ̀rọ̀ sì ń tàn kálẹ̀ láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ odi gan-an ni kò bá òtítọ́ mu mọ́, nítorí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò yadi. Àwa tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ ni a kò rí ọ̀rọ̀ bá a sọ.

Òwe mìíràn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí a kì í fẹ́ jẹ́wọ́, pé a máa ń wòran. Àmọ́ ẹni tí ó pa òwe yìí kò ka òbí wèrè mọ́ àwọn tí ń gbọ́ ọ. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó bi kíláàsì léèrè pé ta ni ó ń wòran, ta ni ó ń sunkún, kí ó sì rántí pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà níwájú òun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé nínú ipò bẹ́ẹ̀.

Èyí mú wa dé orí òwe tí a rò pé òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí: a kì í ka ìka mẹ́sàn-án lójú oníka mẹ́sàn-án. Òfin ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì ti pẹ́ ju òfin 2018 lọ. Síbẹ̀, àlàfo kan wà nínú rẹ̀. Lójú rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ kà á. Òwe náà kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbà pé a mọ oníka mẹ́sàn-án bí a bá rí i. Ìka ṣeé rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wárápá kò ṣeé rí, etí kan tí ó di kò ṣeé rí, bàbá tí ó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kò sí lára aṣọ ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé òwe yìí tọkàntọkàn ní láti máa hùwà bí ẹni pé oníka mẹ́sàn-án wà nínú gbogbo kíláàsì tí ó bá wọ̀.

Àdàpè àti ìbẹ̀rù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àdàpè ni oògùn èébú. Yorùbá mọ àdàpè dáadáa. A kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ gbígbóná ni à ń pè é, tàbí Olóde. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní 1980 pé àrùn náà ti tán ní ayé, ṣùgbọ́n àdàpè rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ìbẹ̀rù ni ó bí àdàpè yẹn, ọ̀wọ̀ kọ́. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ orúkọ tuntun tí ó tutù létí, ó yẹ kí a bi í pé ibo ni ó ti wá.

Ẹni òòṣà ni orúkọ tí ó dàgbà jù nínú wọn. Ìtàn ìṣẹ̀dá sọ pé Ọbàtálá ni ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, pé ní ọjọ́ kan ẹmu pa á, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró mọ́. Láti ara iṣẹ́ ọjọ́ náà ni abuké, àfín àti arọ ti wá. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu. Ìtàn yìí bá àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú dé Kúbà, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ojú méjì ni ìtàn náà ní. Ó ń dáàbò boni, nítorí ẹni tí ó bá fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ òòṣà ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń sọ fún abuké pé àṣìṣe ọjọ́ kan ni òun. A kò mọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ṣe gbé ìyẹn pọ̀.

Aláàbọ̀ ara ni ó wọ́pọ̀ jù lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Ẹ tú u palẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì: oní, ààbọ̀, ara. Ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ ènìyàn di ìdajì ni a gbà pé ó lọ́wọ̀ ju arọ lọ. Arọ sọ pé ẹsẹ̀ rọ, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkàndá ẹ̀dá, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, fẹ́ fi hàn pé Ẹlẹ́dàá dìídì dá ẹni náà ni. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ta ni a kò dìídì dá nínú wa? Òfin Èkó ti 2011 náà pè wọ́n ní ènìyàn pàtàkì. Ẹni tí ó ń wá bí yóò ṣe gun bọ́ọ̀sì kò bèèrè pé kí a pe òun ní pàtàkì.

Àdàpè kì í sì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́ bí ìwà kò bá yí padà. Ní Bìrìtìkó, ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní 1952 láti ran àwọn ọmọ tí iṣan ara wọn le lọ́wọ́ fi orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ipò náà pe ara rẹ̀. Kò pẹ́, orúkọ ìṣègùn náà di èébú ní pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́. Ní 1994 ni ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Scope. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tuntun náà búni. Àwọn tí ó ní yíyí ọ̀rọ̀ padà kò yí nǹkan kan padà máa ń fi irú ìtàn yìí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Lójú tiwa, ohun tí ó fi hàn ni pé iṣẹ́ náà kò parí sí orí orúkọ, kò fi hàn pé kí olùkọ́ máa pe ọmọ ní dìndìnrìn.

Nínú gbogbo orúkọ tuntun wọ̀nyí, ìpèníjà ara ni a yàn fún àkọlé bébà yìí, ìdí rẹ̀ sì lè máà jẹ́ èyí tí àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní lọ́kàn. Pípè ní ìjà ni ìpèníjà. Bí ẹnì kan bá pe ẹlòmíràn níjà, ẹni méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ dé ìdí ilé alájà mẹ́ta, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà ní òkè pátápátá. Ta ni ó pe ta ni níjà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni níjà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a gbé kalẹ̀ ní 2006 sọ ohun tí ó jọ èyí nínú ìfáàrà rẹ̀, pé láàrin ipò ara ènìyàn àti ìdènà tí àwùjọ gbé sí ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ìṣòro náà ti ń jáde. Òfin Nàìjíríà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Kí òǹkàwé gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé yìí, kí ó wo ilé tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kò tíì ní

Ibì kan kù tí èdè wa kò tíì ràn wá lọ́wọ́. Fún ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè jí, èébú nìkan ni a ní: dìndìnrìn, sùẹ̀gbẹ̀, òpònú, ọ̀dẹ̀, olódo. Kò sí ọ̀kan tí olùkọ́ lè kọ sínú ìwé èsì ìdánwò kí ìyá ọmọ kà á láìsunkún. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2010 yọ ọ̀rọ̀ tí ó ti di èébú fún ipò yìí kúrò nínú àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá tí ó jókòó ṣe èdè-ìperí fún wa, tí a fi ní àfòmọ́ àti àpólà, fi hàn pé a lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe jọ jókòó lórí èyí. Ìlú Ọ̀yọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 wà, kò jìnnà sí wa.

Kí wọ́n tó jókòó, gbólóhùn ṣì wà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ èrò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé èsì lè kọ ohun tí ó rí: "Ó máa ń pẹ́ kí ìṣirò tó yé e. Bí a bá fi òkúta kà á fún un, ó máa ń mọ̀ ọ́n. Ó mọ orin kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ojú àti etí kí sáà tí ó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀."